Ọ̀sọ̀rọ̀ Òrùlé: Bí Onílé Ṣe Lè Gbé Omi Òjò Jìnnà sí Ìpìlẹ̀ Ilé Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n àgbàrá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò nígbà tí wọ́n bá ń pa á ni èyí tó ń ti ojú títì bọ̀, tàbí èyí tó kún bo bèbè odò. Àgbàrá mìíràn wà tó jẹ́ pé orí ilé fúnra rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ọ̀sọ̀rọ̀ ni, omi tó ń dà wálẹ̀ láti etí òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Kì í gbé ọkọ̀ lọ, kì í sì í mú kí ará àdúgbò sá jáde lóru. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wa ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri lọ́dọọdún, díẹ̀díẹ̀, títí ìpìlẹ̀ yóò fi yọ síta, tí ògiri yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í là, nígbà tí kò sí ẹni tó rántí òjò mọ́.

Ẹni tó bá rin àwọn àdúgbò àtijọ́ nílùú Ìbàdàn, láti òkè Mápó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, títí dé Bẹẹrẹ, kò ní í béèrè ẹ̀rí. Páànù tó ti dípẹtà ló bo púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, etí òrùlé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, omi òrùlé kan sì ń dà sẹ́sẹ̀ ògiri èkejì. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, erùpẹ̀ ti wọ́ lọ débi pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ìkọ́lé ti wà níta gbangba, ẹnu ọ̀nà tó bá ilẹ̀ dọ́gba nígbà kan sì ti di èyí tí wọ́n ń fi àtẹ̀gùn gùn.

Bí omi náà ti pọ̀ tó ni kì í yé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò tó jin mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní òró, lítà omi 1 ló bọ́ síbẹ̀. Ká wá mú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 12, tó sì gùn ní mítà 14. Ilẹ̀ tó bò jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 168. (Bí òrùlé náà ṣe dagun tó kò yí i padà, nítorí òkè tààrà ni a ń ka òjò sí pé ó ti ń bọ̀, ilẹ̀ tí òrùlé ṣíji bò ni a ń wọ̀n.) Bí òjò ńlá kan tó jin mìlímítà 50 bá rọ̀, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá nígbà òjò, lítà 8,400 ni yóò dà sílẹ̀ láti orí ilé kan ṣoṣo yìí. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a fi ń pọnmi, 336 nìyẹn. Ní Ìbàdàn, níbi tí òjò ọdún kan ti máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 1,250, omi tí òrùlé náà ń gbà láàárín àkọ́rọ̀ sí àrọ̀kúrò jẹ́ nǹkan bíi lítà 210,000, ìyẹn ọkọ̀ tánkà onílítà 10,000 mọ́kànlélógún. Ti Èkó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí onílé tí yóò gbà kí ẹnikẹ́ni wá já ọkọ̀ tánkà mọ́kànlélógún sẹ́sẹ̀ ògiri òun, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ètò fún ọ̀sọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, nítorí amọ̀ ni wọ́n fi ń mọlé, amọ̀ kò sì gbọdọ̀ bá omi ṣeré. Koríko tàbí ewé gbòdógì tí wọ́n fi ń bolé máa ń yọ síta dáadáa kọjá ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì wà lábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sọ̀rọ̀ má baà fara kan ilé. Nínú àwọn agbo ilé ńlá àti nínú ààfin, inú ni òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kọjú sí, tí omi wọn yóò dà sójú àkódì. Ojú àkódì yìí a máa rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọn a gbé ìkòkò síbẹ̀ láti gbe omi, ihò kan a sì wà nísàlẹ̀ tí yóò gbé ìyókù gba abẹ́ ògiri jáde sẹ́yìn ilé. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ àpáàdì sí jáde, àpáàdì tí wọ́n gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí eyín, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Ìtàn ẹnu Ifẹ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́ ìdí rẹ̀, àgbàlá tí wọ́n bá tẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ọ̀sọ̀rọ̀ tó rí i wa.

Nígbà tí páànù àti sìmẹ́ǹtì dé, ìbẹ̀rù yẹn lọ. Páànù kì í mu omi rárá, kì í sì í dá a dúró bí koríko ṣe ń ṣe, nítorí náà gbogbo òjò tó bá bà á ló ń sáré wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí òrùlé kúrú sí i, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pòórá, àwọn ènìyàn sì gbà pé ògiri búlọ́ọ̀kù kò mọ ohun tó ń jẹ́ òjò. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ń fa omi láti ìsàlẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri fi máa ń ṣí, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ máa ń hù lára rẹ̀, tí yàrá máa ń rùn bí ìpẹ̀tà kódà lásìkò ọyẹ́. Èyí tó léwu jù lọ wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Erùpẹ̀ tó bá rin gbingbin a máa rọ̀. Bí igun ilé kan bá wà lórí erùpẹ̀ rírọ̀, tí mẹ́ta ìyókù wà lórí èyí tó le, igun yẹn yóò rì díẹ̀, ògiri yóò sì là gẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí láti orí ìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń pe bíríkìlà pé kó wá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là náà. Ọdún kejì ni yóò tún là, nítorí omi tó fà á kò tíì kúrò níbẹ̀.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ní èdè ojoojúmọ́, gọ́tà ni a ń pe kòtò ẹ̀bá títì, gọ́tà náà sì ni a ń pe ọpọ́n gígùn tí wọ́n ń kàn mọ́ etí òrùlé láti gba ọ̀sọ̀rọ̀. Páìpù tó ń gbé omi láti inú gọ́tà òrùlé wá sílẹ̀ ni àwọn pọ́lọ́mbà ń pè ní dáùn-páìpù. Kì í ṣe nǹkan olówó nìkan. Àwọn ará oko a máa la ọparun sí méjì, wọn a sì so ó mọ́ etí ilé, àwọn mìíràn a ká páànù bí ọpọ́n kí omi lè bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Gọ́tà oníke ló pọ̀ lọ́jà báyìí, ó sì dára, àfi pé oòrùn máa ń mú kó gbó kó sì máa ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ti àlùmíníọ́ọ̀mù wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Irin tó gbé gọ́tà dúró kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, nítorí gọ́tà tó bá kún fún omi wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Kò sì gbọdọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kí ó máa rẹlẹ̀ lọ sí ojú páìpù ní bí ìdajì ínṣì nínú ẹsẹ̀ bàtà 10 ti tó. Bí ó bá dagun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kò ní í gbà á, omi yóò sì máa fò kọjá.

Iye páìpù ni àwọn ènìyàn máa ń fi du ara wọn. Ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 168 yìí yẹ kó ní páìpù mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun ilé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba omi mítà onígun mẹ́rin 42. Páìpù oní-ínṣì 3 lè gbé èyí, ṣùgbọ́n oní-ínṣì 4 kì í tètè dí bí ewé bá bọ́ sí i. Páìpù oní-ínṣì 2 tí wọ́n fi ń gbé omi ibi ìfọwọ́ kò yẹ níbẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lò ó nítorí pé ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ilé ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà kí wọ́n rì páìpù sínú òpó tàbí ògiri kí ojú má baà rí i. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí páìpù náà bá jò, inú ògiri ni omi yóò máa dà sí, àfi kí wọ́n fọ́ ògiri kí wọ́n tó mọ ibi tó ti ń jò. Ẹ̀yìn ògiri, ní gbangba, ni ibi tó dára jù fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n ń fi ògiri bo òrùlé mọ́ inú, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní pàrápẹ́ẹ̀tì. Láti ìta, ilé náà yóò dà bí ẹni pé kò ní páànù rárá, ó sì ti gbòde kan káàkiri láti Lẹ́kì títí dé Àkóbọ̀. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, gọ́tà kò sí létí òrùlé mọ́. Ẹ̀yìn ògiri lókè ló wà, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, yàrá àwọn ènìyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí gọ́tà etí òrùlé lásán bá dí, ìta ni omi yóò dà sí. Bí ti pàrápẹ́ẹ̀tì bá dí, orí ibùsùn ni. Ewé kan, ọ̀rá kan tí atẹ́gùn gbé, tàbí ìtẹ́ ẹyẹ lè dí ojú páìpù, omi yóò sì máa ga sókè nínú gọ́tà náà títí yóò fi bá abẹ́ páànù wọlé, tí sílìn yóò fi já. Kọnkéré fúnra rẹ̀ sì máa ń là nínú oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ irú ilé yìí gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tẹ́ awọ ọ̀dà bítúmẹ̀ sínú gọ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fún gọ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojú páìpù méjì, ó kéré tán, kí wọ́n sì lu ihò kan sára ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì náà, sókè díẹ̀ sí ojú páìpù. Bí páìpù bá dí, omi yóò gba ihò yìí tú jáde síta kó tó dé abẹ́ páànù. Ihò náà kò ná onílé ní nǹkan kan nígbà ìkọ́lé, òun sì ni àwọn bíríkìlà máa ń gbàgbé jù. Bí omi bá wá ń tú jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, onílé ti mọ̀ pé kí òun gun òkè lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n gọ́tà àti páìpù tó dára jù lọ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Omi tó ń dà káàkiri etí òrùlé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti kó jọ sójú kan báyìí. Bí ẹnu páìpù bá wà lẹ́sẹ̀ ògiri, tó sì dúró síbẹ̀, ìpalára rẹ̀ yóò ju ti ilé tí kò ní gọ́tà rárá lọ, nítorí lítà 2,100 ni òjò mìlímítà 50 yóò tú sí igun kan ṣoṣo. Àìmọye ilé ló wà bẹ́ẹ̀. Gọ́tà tuntun ń dán lókè, kòtò tó tó ọpọ́n ìfọṣọ ń jìn sí i lábẹ́ páìpù.

Ohun tó yẹ ni kí omi náà má ṣe dúró títí yóò fi jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó kéré tán, sí ògiri. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù yí ẹnu dáùn-páìpù síta, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà omi onísìmẹ́ǹtì tó ń dagun lọ níwájú rẹ̀. Níbi tí ọmọdé ti ń sáré tàbí tí ọkọ̀ ti ń kọjá, abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kó gbà. Dáùn-páìpù yóò bọ́ sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tó ní ìdérí tó ṣeé ṣí, páìpù oní-ínṣì 4 tàbí 6 yóò sì gbé e láti ibẹ̀ lọ. Àpótí yìí ṣe pàtàkì nítorí ibẹ̀ ni iyanrìn àti ewé yóò sùn sí, ibẹ̀ ni ènìyàn yóò sì ti lè fi ọwọ́ kó wọn. Bí páìpù méjì bá pàdé, èyí tó gbà wọ́n gbọ́dọ̀ tóbi ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Páìpù tó tóbi kò gbọdọ̀ wọ inú èyí tó kéré láéláé, bí pọ́lọ́mbà tilẹ̀ búra pé yóò gbé e.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó yí ilé ká máa rẹlẹ̀ lọ sóde ní bí ínṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Kọnkéré tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí wọ́n bá dà yí ẹsẹ̀ ilé ká tó sì dagun síta, yóò gba èyí tó bá ta sílẹ̀ láti òrùlé, kò sì ní í jẹ́ kí ẹrẹ̀ máa ta mọ́ ògiri. Erùpẹ̀ tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà ìkọ́lé máa ń rì lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kọnkéré tí wọ́n dà sórí rẹ̀ a sì tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ògiri. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ṣe láti lé omi lọ yóò di ohun tó ń pè é wá sílé. Gàrawa omi kan tí ènìyàn bá dà síbẹ̀ yóò fi hàn án ibi tó dojú kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ibi tí omi yóò sùn. Àwọn kan máa ń gbẹ́ sóòkàwéè fún un, ìyẹn kòtò tí wọ́n fi òkúta kún kí omi lè rọra mu sínú ilẹ̀. Ó dára níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ oníyanrìn, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn. Ilẹ̀ amọ̀ kò gbà á. Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ ni kó gbẹ́ kòtò tó jin bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kó pọnmi kún un, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi kejì yìí bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ó má ṣe fi owó ṣòfò. Ní Lẹ́kì, Àjáh àti àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tí omi ti wà nítòsí ojú ilẹ̀, kòtò náà yóò ti kún kí òjò tó dé rárá, nítorí náà àfi kí omi gba ojú ilẹ̀ lọ sí gọ́tà àdúgbò. Níbi tí sóòkàwéè bá ti wúlò, kí ó jìnnà tó mítà 5 sí ilé. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá da omi òrùlé sínú sóòkàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò rí i lóṣù kẹfà pé ẹ̀gbin ń padà wá sílé, kànga tó bá sì wà nítòsí yóò jẹ nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń wá ibi tí a ó da omi sí, nílùú tí àwọn ènìyàn ti ń ra omi? Tánkì tàbí dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ dáùn-páìpù ti ń ran ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́, ohun tí ìkòkò ojú àkódì ń ṣe láyé àtijọ́ náà ló ń ṣe. Fífọ aṣọ, fífọ ilé, bíbomi rin ewébẹ̀ àti dída omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò nílò omi mìíràn nígbà òjò. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ kò yẹ ní gbígbè, nítorí eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá ni yóò fọ̀ wálẹ̀; lẹ́yìn náà pàápàá, ó dára kí òjò ti rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó yí páìpù sí tánkì. Ẹni tí yóò mu ún gbọ́dọ̀ sè é. Kí àwọ̀n wà lójú tánkì, kí ìdérí rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí, nítorí láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni tanwíjí inú omi tí kò mì yóò di ẹ̀fọn. Gọ́tà òrùlé tó tẹ̀ láàárín, tí omi ń dúró nínú rẹ̀, ń bí ẹ̀fọn bákan náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń wo òkè nígbà tí ibà bá dé.

Kí onílé má sì rò pé tánkì ti yanjú ọ̀rọ̀. Tánkì onílítà 2,000 tó gba omi òrùlé ilé tí a ṣírò yìí lódindi yóò kún nígbà tí òjò bá jin mìlímítà 12 péré. Ìyókù yóò ṣàn kọjá, bí páìpù ìṣànkọjá bá sì kéré ju èyí tó gbé omi wọlé lọ, ẹsẹ̀ ògiri náà ni yóò tún padà sí. Páìpù ìṣànkọjá gbọ́dọ̀ tóbi tó èyí tó wọlé, ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún omi tó kù ni yóò sì gbà lọ.

Ọ̀ràn tó tún ń pọ̀ sí i ni ti òkúta ìńtálọ́ọ̀kù. Onílé a fi bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kò ní í ku ibi tí koríko kan lè hù sí. Omi tí ilẹ̀ ìbá mu wá di ti ojú títì. Ilé kan lè ṣe é kó má hàn, ṣùgbọ́n bí ilé 100 ládùúgbò kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjò mìlímítà 50 yóò kó lítà 840,000 láti orí òrùlé wọn nìkan sínú gọ́tà kan náà, gọ́tà tí àwọn kan ń da ìdọ̀tí sí nígbà tí òjò bá ṣú, tí àwọn mìíràn sì ti da kọnkéré bò pa níwájú géètì wọn. Omi Ògùnpa tó kún ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 pa èèyàn tó lé ní 200. Èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 100, ó sì wó afárá. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì kọjá àfẹnusọ, ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò àti ìdọ̀tí tó dí i sì dá kún un, nítorí náà kò sí ẹni tó lè di ẹ̀bi ru gọ́tà òrùlé. Síbẹ̀, orí ilé àti àgbàlá ni apá tó pọ̀ nínú omi ìgboro ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀, ilẹ̀ tó bá sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà ti bu omi kù fún ará ìsàlẹ̀ odò. Fífi etí ọgbà sílẹ̀ fún koríko, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí òdòdó kì í ba ẹwà ilé jẹ́.

Aládùúgbò náà wà ńbẹ̀. Omi tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti ilẹ̀ gíga sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí omi tí ènìyàn kó jọ sínú páìpù, tó sì dojú rẹ̀ kọ ọgbà ẹlòmíràn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Èkejì lè gbé onílé dé ilé ẹjọ́, ó sì ti ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú baálẹ̀. Èyí tó tún burú ni ògiri ọgbà tí kò ní ihò nísàlẹ̀. Omi yóò kó jọ sẹ́yìn rẹ̀ bí ìsédò, erùpẹ̀ tó ti mumi yó yóò máa tì í, ògiri tí wọ́n kọ́ láìsí òpó tó lágbára yóò sì wó lu ẹni tó bá ń kọjá tàbí ọmọ tó ń ṣeré nídìí rẹ̀. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nínú ìròyìn ìgbà òjò. Páìpù kéékèèké tí wọ́n bá fi sísàlẹ̀ ògiri ọgbà nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, kí omi lè máa gbà jáde sójú gọ́tà títì, kò tó owó àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan.

Ìgbà tó dára jù láti ṣe gbogbo ètò yìí ni ìgbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé, kí wọ́n tó da kọnkéré àgbàlá, nítorí fífọ́ ilẹ̀ tí a ti tẹ́ ń náni ju gbígbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igun tí ògiri rẹ̀ ti ń là, kó sì ṣe ìyókù bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni gọ́tà òrùlé yẹ ní kíkó, kí àkọ́rọ̀ tó dé, àti nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ilé tó wà lábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi àgbọn nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí onílé mú agbòjò lọ́jọ́ tí òjò gidi bá ń rọ̀, kó yí ilé rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kó wo ibi tí omi ti ń fò kọjá gọ́tà, ibi tó ti ń jò lójú ìsopọ̀, àti ibi tó ń forí lé nígbà tó bá kúrò lẹ́nu páìpù. Kí ó tún padà jáde ní wákàtí kan lẹ́yìn tí òjò bá dá. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí lẹ́bàá ògiri ni kí bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.